Bátìrì tuntun ń kú mọ́ mi lọ́wọ́: ṣé kí n ra alternator lóòótọ́?

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó tún náwó sófo. Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ra bátìrì tuntun, torí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè jí ẹ́ńjìnnì mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò pé tí tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwà kan náà. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á kàn máa dún ta-ta-ta, iná ojú dáṣíbọọ̀dù á sì ṣú. Tí wọ́n bá fi wáyà fa iná wá láti ara mọ́tò mìíràn, á jí, á sì ṣiṣẹ́ dalẹ́. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì kì í tàn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n tí mo bá tan iná iwájú àti fáànù pọ̀ lálẹ́, mo máa ń rí i tó ń ràn fírífírí.

Réwáyà ti pààrọ̀ kábọ̀n inú alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná kún bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò yàtọ̀. Ó wá ní kí n lọ ra odindi alternator. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá rà á tán, ojú kan náà la ó tún wà.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Jí mọ́tò, kí o tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tó bá kú, alternator ti lọ nìyẹn. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń dán an wò nìyí.

Ọmọ Réwáyà
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n kó má ṣe é o. Bátìrì ló ń gba iná tó bá ru sókè lójijì mọ́ra. Tí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí alternator ń ṣiṣẹ́, iná á fò sókè fíìn, ó sì lè má tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí á fi jó kọ̀ǹpútà mọ́tò tàbí dáyódù inú alternator tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀. Ayé tí mọ́tò ò ní kọ̀ǹpútà la ti kọ́ ọ.

Ọlọ́kọ̀, ẹ wá mítà. Láàárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ wọn bátìrì. Èyí tó kún máa ń tó 12.6 volt. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ti ku nǹkan bí ìdajì, tó bá sì wà nísàlẹ̀ 12, ó ti gbẹ. Ẹ jí mọ́tò, ẹ tún wọ̀n ọ́n: láti 13.8 dé 14.5 là ń wá. Tó bá kọjá 15, régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná alternator lẹ ó mú, torí omi inú bátìrì á máa hó. Ẹ wá tan iná iwájú àti fáànù, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ló kàn. Ẹ wọn ẹ̀yìn alternator fúnra rẹ̀: ẹnu mítà pupa síbi tí wáyà nínípọn ti jáde, dúdú sí ara alternator. Ẹ ṣọ́ bẹ́líìtì o, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè.

Ìyá Ìbejì
Tèmi, iná búùtù ni. Mo ń tì í pa, iná ò kú, mi ò sì mọ̀. Mo gbé fóònù tó ń ká fídíò sínú búùtù, mo pa á dé, ìgbà tí mo wo fídíò náà ni àṣírí tú. Ẹ wo ohun tó ń mu iná lóru náà.

Ọmọ Réwáyà, ẹ dákun, mọ́tò tí mo ń wà báyìí máa ń fi 12.8 hàn nígbà mìíràn, kó sì di 14.7. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni?

Ọmọ Réwáyà
Rárá, mà. Kọ̀ǹpútà ló ń darí alternator nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àìpẹ́, ó ń dín in kù láti ṣọ́ epo lò. Tí kò bá kọ̀ láti jí, ẹ fi sílẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
Mo ti wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀: 11.9. Nígbà tó jí: 13.3. Pẹ̀lú iná iwájú àti fáànù: 12.6. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn alternator, pẹ̀lú iná kan náà tó ṣì ń tàn: 14.1! Mo rò pé mítà ló ń purọ́, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọmọ Réwáyà
Mítà ò purọ́, alternator yín náà ò ṣẹ̀. Omi kún táńkì, ẹnu ẹ̀rọ ló ń kán tó-tó. 1.5 volt ń sọnù lójú ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ lọ́nà àlọ (pọ́sítíìfù) tàbí ọ̀nà àbọ̀ (négétíìfù).

Ẹ jẹ́ kí iná iwájú àti fáànù ṣì wà ní títàn. Ẹ fi ẹnu mítà kan sẹ́yìn alternator níbi wáyà nínípọn, èkejì sí orí pọ́sítíìfù bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹnu kan sí ara alternator, èkejì sí orí négétíìfù. Kò yẹ kí èyíkéyìí ju 0.2 tàbí 0.3 lọ. Orí bátìrì gan-an ni kí ẹnu mítà kàn, kì í ṣe wáyà tó bò ó.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
Ọ̀nà pọ́sítíìfù: 0.2. Négétíìfù: 1.3!

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Háà. Àbúrò, ṣé wọn ò tú nǹkan kan lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ láìpẹ́ yìí?

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
Wọ́n pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn
Ó ti ṣe mí rí. Wáyà kan wà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, irun-irun ni wọ́n sábà hun ún. Wọ́n á tú u, wọ́n á dá a padà sórí ọ̀dà àti ìdọ̀tí. Tèmi burú débi pé wáyà tíròtù, èyí tí ẹsẹ̀ fi ń fa epo sí ẹ́ńjìnnì, ń gbóná, torí ibẹ̀ ni iná wá bá ọ̀nà gbà. Ti wáyà bátìrì tí mo ní kí o tú, mo gba ẹ̀bi.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
Mo wọ abẹ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́! Bóòtù rẹ̀ ń yí lọ́wọ́ lásán, abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún, ìdajì irun wáyà náà sì ti já. Mo tú négétíìfù bátìrì kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fi sáńpépà ha ojú irin náà títí ó fi ń dán, mo fi wáyà tuntun tó nípọn jù ú lọ síbẹ̀. Ní báyìí, pẹ̀lú iná iwájú àti fáànù, 14.0 lórí bátìrì. Kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì náà ń yí kíákíá ju bó ṣe ń ṣe lọ́dún tó kọjá.

Ìyá Ìbejì, mo wọn ti òru náà. Mo pa gbogbo nǹkan, mo ti ilẹ̀kùn, mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ tó sùn. 0.03 ampere péré.

Ọmọ Réwáyà
Ó dáa, 0.05 la kì í fẹ́ kó kọjá. Ẹ má kàn gbé mọ́tò rìn báyìí láti fi kún bátìrì yẹn o. Ó ti pẹ́ jù tí ebi ti ń pa á, alternator ò sì wà fún jíjí òkú bátìrì, ó lè gbóná jó. Ẹ gbé e sórí ṣájà mọ́jú, níbi tí atẹ́gùn ń gbà tí iná ò sì sí nítòsí, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí kò bá lè dúró ní 12.6, ìyà oṣù méjì yẹn ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ọlọ́kọ̀ Àtijọ́
12.55 láàárọ̀ yìí. Mo ń ṣọ́ ọ.