Alábòójútó mi ní kí n tún ìwádìí mi bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Arẹwà Ohùn: Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Másítáàsì lórí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni mò ń ṣe. Àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, àwọn alárùn àfásíà, ni ìwádìí mi dá lé. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, títí kan ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Mo fi àwòrán òòyà han ẹnì kan, "irun, irun" ló ń wí, ó sì ń mi orí pé ohun tóun fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Nǹkan gidi rèé! Alábòójútó mi wá ní kí n má lo ìkankan. Obìnrin yìí kì í tètè fèsì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkólòlò ló sì fẹ́ràn. Ṣé kí n fẹjọ́ ẹ̀ sun olórí ẹ̀ka?

Ìyá Àlàbí: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Èmi ṣe tèmi lórí àwọn ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀. Èmi àti ẹnì kejì gbọ́ ohùn kan náà, ohun tá a kọ sílẹ̀ ò bára mu. Mo tún un ṣe. Fara dà á.

Akọ̀wé: Bóyá iye èèyàn ló kéré. Sọ fún un pé ẹnì kan ṣoṣo tó ìwádìí ṣe. Ọkùnrin alárùn àfásíà tí Broca, dókítà ará Faransé, kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1861, "tan" ló fi ń dáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìbéèrè.

Ìyá Àlàbí: Ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà.

Akọ̀wé: Ẹ má bínú mà, wọ́n ṣì ń ṣe é dòní.

Bàbá Olùkọ́: Ẹ dúró ná. Arẹwà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i kó o tó gba ohùn?

Arẹwà Ohùn: Wọ́n ti fọwọ́ sí i, sà. Àwọn tí mò ń tọ́jú níbi ìkọ́ṣẹ́ ni, wọ́n sì buwọ́ lùwé ìtọ́jú. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ máa fi dé, ohùn ti wà nílẹ̀. Ṣé kí n wá dà á nù ni?

Bàbá Olùkọ́: Háà! Ìwé ìtọ́jú kì í ṣe ìwé ìwádìí. Alábòójútó rẹ ò ṣẹ̀ ọ́. Má pa ohùn náà rẹ́, má sì lò ó. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, sọ bó ṣe jẹ́ gan-an, kó o bi wọ́n bóyá o lè padà lọ tọrọ ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá gbà, má kó ìwé jàǹkànjàǹkàn fún wọn. Ọ̀rọ̀ kì í yé ọ̀pọ̀ alárùn àfásíà tán. Lo gbólóhùn kúkúrú àti àwòrán, kó o sì jẹ́ kó fi hàn ọ́ pé ó yé òun, ì báà jẹ́ ìka ló fi tọ́ka.

Arẹwà Ohùn: Ẹnì kan nínú wọn ti ṣaláìsí, sà.

Bàbá Olùkọ́: Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ. Má lọ bá ẹbí rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó fèsì.

Arẹwà Ohùn: Mo gbọ́, sà. Màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí alábòójútó mi ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi tipẹ́.