Fóònù wo lẹ rà, dátà wo lẹ ń lò? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Aláǹkárá Balógun

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan béèrè lánàá pé fóònù wo ló dáa fún ẹni tó ń tajà lórí WhatsApp. Ẹni mẹ́wàá dáhùn, wọ́n dárúkọ fóònù mẹ́wàá. Èmi ò ní dárúkọ kankan. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kí ẹlòmíì náà wá sọ tiẹ̀.

Àǹkárá ni mo ń tà ní Balógun, ní àjà kejì ilé kan tí wọ́n kọ́ há mọ́ra débi pé tí iná bá lọ lọ́sàn-án, alẹ́ ti lẹ́ nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, fóònù mi àtijọ́ kú. Ọmọ àbúrò mi ní òun mọ ibi tí tòkunbọ̀ tó mọ́ wà, tó ti Amẹ́ríkà wá, tí kámẹ́rà rẹ̀ máa ń gbé àwọ̀ aṣọ bó ṣe rí gan-an. Òótọ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ fóònù náà. Tí mo bá ya aṣọ, pupa á jẹ́ pupa, àlùkò ò ní di búlúù mọ́ mi lọ́wọ́. Mo san ₦140,000, mo sì gbà pé mo ti rọ́jà rà.

Ìgbà tó wá kan kí n gbé àwòrán sórí status ni wàhálà dé. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó máa ń fà lọ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, àmì roboto tó máa ń yí yẹn ni màá jókòó tì, títí kọ́sítọ́mà á fi pè mí pé, “Àǹtí, àwòrán yẹn ò tíì wọlé o.” Lókè fóònù, níbi tó yẹ kó kọ 4G, H ló ń kọ, nígbà míì E, ìyẹn àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ tí kò yá tó 4G. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì bú wọn dáadáa. Mo lọ ra síìmù ilé-iṣẹ́ kejì, mo fi NIN mi forúkọ sílẹ̀, mo ra dátà olóṣù kan sí i. Bákan náà. Mo ra ìkẹta. Láàárín oṣù méjì, mo ti di onísíìmù mẹ́ta, dátà sì ti kú sórí méjì nínú wọn láìlò tán, torí ọjọ́ wọn pé. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó dà bí ẹni tó pe onítáńkà omi wá sílé, tó wá jẹ́ agolo mílíìkì ló gbé síta láti fi gbà á.

Ohun kan wà tó yẹ kó là mí lójú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mi ò fiyè sí i: tí mo bá dé ilé ẹ̀gbọ́n mi tó ní wáífáì, fóònù yìí kan náà ń fò bí ẹyẹ ni.

Ọmọkùnrin tó ń ta bàtà lọ́ọ̀ọ́kán mi ló tú àṣírí ẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ mú síìmù yẹn wá.” Ó fi í sínú fóònù tiẹ̀, fóònù tuntun kan báyìí tí owó ẹ̀ ò tó ti tèmi, níbi tí a jókòó sí náà. 4G yọ gedegbe. Fídíò tó ti ń yí láti àárọ̀ lọ kíá. Ó mú síìmù tiẹ̀ sínú fóònù tèmi: H. Mo kàn ń wò ó ni. Èèyàn mélòó ni mo ti bú láìṣẹ̀!

Mi ò ta fóònù náà o. Òun ni mo ṣì fi ń ya aṣọ, mo kàn máa ń fi hotspot fóònù kejì, ìyẹn kí fóònù kejì pín dátà fún un, bá a gbé àwòrán lọ. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, kí n tó sanwó fóònù, síìmù tèmi ni màá fi dán an wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, màá sì ní ká jọ wọnú ilé tó há. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè, kó máa gbé fóònù ẹ̀ lọ.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti pẹ́ díẹ̀ ní Computer Village, lójú títì Otigba níbẹ̀ yẹn, ẹjọ́ yín sì kì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀. 4G kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ìgbì rédíò ló ń gbé e, ìgbì náà sì pín sí báǹdì-báǹdì, orílẹ̀-èdè kálukú pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń lò. Báǹdì 3, 7, 20 àti 28 wà lára àwọn tí a ń lò níbí. Ní Amẹ́ríkà, 2, 4, 12, 13, 66 lẹ máa rí jù. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan pàtó níbẹ̀ lè máà ní 20 tàbí 28 nínú rárá. Báǹdì 20 yẹn, 800 MHz ni. 28, 700 MHz ni. Àwọn tí MHz wọn kéré báyìí ló ń wọ ògiri jù. Nítorí náà, fóònù lè gbé 4G fún yín lójú títì, kí ẹ gun àjà kejì báyìí kó jábọ́ sí H.

Wọ́n á gbé irú ẹ̀ wá bá mi, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi flash ẹ̀,” ìyẹn kí n tún software inú ẹ̀ fi sí i. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀rọ, mi ò lè fi flash bí i. Àwọn kan á gbowó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó sọ ìyẹn fún yín o.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó wo nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì nínú About phone, kó wá a lórí Google kó tó mówó jáde. Lára Samsung, lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀: SM-G991U, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, SM-G991B, ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ míì. U ò sọ pé kò dáa o, àwọn olówó ńlá nínú wọn máa ń ní báǹdì rẹpẹtẹ. Àwọn tó rọjú jù ni ẹ̀rù wọn ń bà mí.

iPhone ńkọ́? Ẹ lọ sí Settings, General, About, ẹ wo Carrier Lock. “No SIM restrictions” ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá fi ṣípù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ síìmù kó tó gba síìmù yín, a jẹ́ pé wọ́n tì í mọ́ ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, ọjọ́ tí ẹ bá sì gba update ni ṣípù yẹn lè gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Kí ẹ tún tẹ *#06#, kí IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó bá yọ bá ti ara páálí àti ti inú risíìtì mu. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá bára mu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu dídùn tàn yín.

Ọmọ Yábàá

Tèmi yí padà sí ti Àǹtí. Fóònù tèmi mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ju bó ṣe yẹ lọ!

Mo dirun fún àwọn èèyàn títí mo fi tọ́jú owó jọ, mo fi ra èyí tó ń gba 5G. Dátà tí mo máa ń fi lo oṣù kan tán lọ́jọ́ kẹfà. Mo ra òmíì, ọjọ́ márùn-ún. Mo ní wọ́n ń jí dátà mi ni. Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sórí. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà ò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní kí n ṣí Settings, kí n wọ Data usage. Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó jẹ. Ojú tì mí o.

Àwọn fídíò kéékèèké tí mo máa ń wò lórí ibùsùn ti jẹ ju ìdajì lọ. Fọ́tò mi ń gun orí Google Photos lọ lórí dátà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. YouTube rí i pé ọ̀nà mọ́, ló bá ń gbé fídíò tó mọ́ gaara bíi ti sinimá wá sórí ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wákàtí tí mo fi ń wò ó ò yàtọ̀ sí tàtijọ́. Fóònù àtijọ́ ni kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀ torí kò yá. WhatsApp ní tiẹ̀ ń wa gbogbo fídíò tí ẹgbẹ́ ìdílé wa bá ti fi síbẹ̀: àdúrà àárọ̀, àdúrà ọ̀sán, ìkìlọ̀ nípa àlùbọ́sà.

Mo pa wíwa fúnra ẹ̀ yẹn lórí WhatsApp, mo dá YouTube dúró sí 480p, mo ní kí Google Photos dúró de wáífáì, mo tan Data Saver. Dátà oṣù yẹn kan náà ń bá mi dé ọjọ́ kẹtàlélógún báyìí. Mo dán dátà òru náà wò, ó rọjú lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń wa fídíò láago méjì òru á máa sùn níwájú olùkọ́ láago mẹ́jọ. Mo ti fi í sílẹ̀. *323# ni mo fi ń wo ìyókù láràárọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ló ń dá nọ́ńbà yẹn lóhùn, kò dà bíi tẹ́lẹ̀ tí kálukú ní tiẹ̀.

Ẹ sì rántí pé láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti gbà kí wọ́n fi owó kún owó ìpè àti dátà, títí dé ìdá 50 nínú 100, àṣìṣe tí mo ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbówó lórí.

Aláǹkárá Balógun

Ọmọ yìí, èmi gan-an ni mo máa ń fi ti àlùbọ́sà yẹn ránṣẹ́ ní ẹgbẹ́ tiwa. Má bínú o.

Oní-dispatch

Èmi ò mọ báǹdì, mi ò sì ya àwòrán aṣọ. Máṣìn ni mo ń gùn, Ṣómólú sí Ọbáléndé, Ìkòyí sí Àgége, kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti gun Third Mainland Bridge lẹ́ẹ̀mẹrin. Bátìrì ni tèmi. Fóònù tó dáa tó báyìí, tó bá kú lé mi lórí lórí afárá nígbà tí oníbàárà ń pè, ọjà ti di ẹjọ́ nìyẹn. Mo ra oní-5,000mAh, síìmù méjì, ₦115,000, tuntun nínú páálí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bára wọn jà lórí Tecno, Infinix àti itel, wọn ò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan náà, Transsion, ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Síìmù kan fún ìpè, èkejì fún dátà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lágbára ní Ṣómólú kọ́ ló lágbára ní Ìkòyí. Mo wa máàpù Èkó sórí Google Maps sílẹ̀ nígbà tí mo rí wáífáì ọ́fíìsì, ìyẹn nìkan dín ìnáwó mi kù.

Ibi tí mo fẹ́ bá yín jà sí rèé. Ẹ máa ń ní ẹni tó ń ra dátà ojúmọ́ ò gbọ́n, pé ti oṣù ló rọjú. Mo ti ṣe ìṣirò ẹ̀, òótọ́ ni, GB kan lórí ti oṣù rọjú. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún èmi. Ìjẹta, owó epo ti gbé gbogbo ẹ̀, mi ò ra dátà rárá, orí ìpè ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣiṣẹ́. Ká ní owó oṣù kan ló wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, taya ni màá kọ́kọ́ rà.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà

Arákùnrin mi, mo gbà fún ẹ. Èmi náà ń ra ti ọ̀sẹ̀, torí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni mo ń mọ ohun tí mo rí.

Bàbá Ṣómólú

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dátà. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Kí ẹ sọ pé “Mo ti dé o” kí ẹ sì gé e, odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n máa yọ. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 la tó mọ̀ pé wọ́n lè máa ka ìṣẹ́jú àáyá.

Tèmi ṣẹlẹ̀ ní Òṣòdì, lábẹ́ bíríìjì. Ọmọkùnrin méjì, wọ́n múra dáadáa, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Wọ́n ní ìyá àwọn wà nílé ìwòsàn, àwọn fẹ́ ta iPhone àwọn ní kíákíá. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo tàn án, mo fi pe ìyàwó mi, ó gbé e. Fóònù gidi ni. Wọ́n ní ₦120,000, mo já a sí ₦60,000, orí mi wú. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ iye yẹn, ó yẹ kí n ti sá. Wọ́n bá mi nù ún, wọ́n fi í sínú àpò aláwọ kékeré kan, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í kí òjò má baà pa á. Òjò ò sì rọ̀ lọ́jọ́ yẹn o.

Mo délé, mo pe ìyàwó mi àti àwọn ọmọ jọ. Mo fi abẹ já sẹ́lótéèpù. Fùfú ni. Wọ́n gé e ní ìwọ̀n fóònù gan-an, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, ó tiẹ̀ tutù dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n gbé e wá, ọbẹ̀ wà nílẹ̀.

Ọmọ Yábàá

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ fi síìmù yín dán an wò?