Iṣan ní í já, ẹran ní í ya: èsì fún Ẹ̀gbọ́n lórí orúkọ ẹ̀yà ara

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo ka àbá mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí àwọn orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wa ní Ṣágámù fẹ́ máa lò bí wọ́n bá ń ṣàlàyé ara fún àwọn aláìsàn. Ẹ ní kí a pe ẹran tó ń mú apá àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ní iṣan. Kí a pe ibi tí eegun méjì ti pàdé ní ìsopọ̀ eegun. Kí a sì pe ọ̀wọ́ sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ ara) tó jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ní àhunpọ̀. Dókítà tó dá sí i láti Ìjẹ̀bú-Òde fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ó ní iṣan ti wà lẹ́nu tipẹ́, kí a má wá ìjàngbọ̀n. Ẹ foríjì mí, èmi ń wá a.

Ẹni tí àdá bu lọ́wọ́ lóko, lápá Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́hùn-ún, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan ọwọ́ rẹ̀ ti já. Iṣan wo? Bó bá jẹ́ èyí tó so ẹran apá mọ́ eegun ìka ni, ìka náà kò ní lè ká. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ni, ẹ lè fi abẹ́rẹ́ gún ìka ọ̀hún kó má mọ̀. Bó bá sì jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ni, kò sẹ́ni tó máa dúró bi í ní ìbéèrè kankan kí wọ́n tó di ojú ọgbẹ́ náà mú. Ìtọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù mẹ́ta, àbá yín sì fẹ́ gbé ẹ̀kẹrin lé e lórí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣe. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń lò fún iṣan tó so ẹran mọ́ eegun, tí wọ́n tún ń lò fún ọṣán ọrun, òun náà ló padà di orúkọ iṣan ìmọ̀lára nínú ìwé ìṣègùn òde òní. Iṣan itan Jákọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 32, tí àwọn Júù kì í jẹ, iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba itan kọjá ni òfin wọn kà á sí. Ojú lásán kò tètè ń mọ ìyàtọ̀: méjèèjì funfun, méjèèjì gùn, wọ́n sì lè fara tira. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí, ohun tó rí bí okùn ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó da ẹran mọ́ ọn. Nínú Ìsíkíẹ́lì orí 37, níbi tí eegun gbígbẹ ti ń dìde, ọ̀tọ̀ ni iṣan, ọ̀tọ̀ ni ẹran, ọ̀tọ̀ ni awọ tó wá bò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀rọ̀-ìṣe léèrè, torí òun kì í sábà ṣojúsàájú. Kí ló máa ń ṣe eegun? Ó máa ń ṣẹ́, ó máa ń kán. Oríkèé ní í yẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gbòdì ní ọrùn ẹsẹ̀, tí eegun kò sì kúrò láyè rẹ̀, a ní ó rọ́. Awọ ní í bó. Ẹran ní í ya. Iṣan ní tirẹ̀, jíjá ló ń já, bí okùn àti òwú ti ń já. Ẹ bá teguntegun èyíkéyìí ní Rẹ́mọ sọ̀rọ̀, kò ní fi rírọ́ pe yíyẹ̀ láé, nítorí ọwọ́ tó máa fi mú ọ̀kan kọ́ ló máa fi mú èkejì. Èdè ti pín ara sí ọ̀nà tó yẹ kí ó pín in sí kí ìwé tó dé. Àwa la fẹ́ fi ìwé tú u ká.

Alápatà ọjà Òkè-Ajé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó gé ẹran fún yín, kó wá kó kìkì iṣan sínú ọ̀rá, ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní bá a jà.

Dókítà á sọ pé àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé irin ń fọ́nnu pé àwọn ti yọ iṣan. Òótọ́ ni, mo gbọ́ ọ lójoojúmọ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Bí pajápajá bá mú bàbá arúgbó lóru, kó sọ pé iṣan ẹsẹ̀ ń fa òun, nọ́ọ̀sì á gbọ́ ọ yé. Ohun tí mo ń bá jà ni kí nọ́ọ̀sì tó ń kọ ìwé ìtọ́jú aláìsàn tún kọ iṣan sílẹ̀, kó fi ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àròjinlẹ̀.

Àbá tèmi ni ẹran-afà. Fífà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ títì rárá. Bí ẹ bá ká apá, ẹran iwájú apá ló fà á wá. Bí ẹ bá tún nà án, kì í ṣe pé ẹran iwájú tì í padà, ẹran ẹ̀yìn apá ló fà á lọ. Lára eegun nìkan, ó ju 600 lọ nínú ènìyàn kan. Orúkọ yìí tún lè gba àwọn yòókù tí iṣan kò lè gbà láéláé: ẹran-afà ọkàn, tí kì í sinmi, àti ẹran-afà inú, tó ń fún ìfun kí oúnjẹ lè máa lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ṣàkì tí à ń rà lọ́jà, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ irú ẹran-afà yìí. Ta ló jẹ́ pe ṣàkì ní iṣan?

(Ẹni tó kọ̀wé pé iṣan wá láti inú ṣàn, torí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ohùn kò gbè é. Ohun tó ń ṣàn ń fún wa ní ìṣàn, bí ìṣàn omi. Iṣan kò ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ kankan.)

Nípa àhunpọ̀, mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá. Àwọn Faransé ló fi ohun híhun sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá sì dàgbà sí àrọ́wọ́tó òfì kò lè ṣàì fẹ́ràn rẹ̀. Bichat, dókítà ará Faransé tó kú ní 1802 lẹ́ni 30 ọdún, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Kò lo ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi. Ó ń se ẹ̀yà ara, ó ń sá a gbẹ, ó ń rẹ ẹ́, títí ó fi ka oríṣi 21. Lónìí, mẹ́rin ni à ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ti ìbora, ti ìsopọ̀, ti ẹran-afà, ti ìmọ̀lára. Ibẹ̀ ni híhun ti já wa kulẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbora kò hun rárá, wọ́n kàn tò tira bí búlọ́ọ̀kù ni. Ẹ̀jẹ̀ náà sì wà nínú ìdílé ìsopọ̀. Ta ní í hun omi?

Mo dábàá agbo sẹ́ẹ̀lì fún gbogbo wọn. Ẹ̀rù kan ń bà mí: akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ á sọ ọ́ di àgbo sẹ́ẹ̀lì, ẹnìkan á sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Kí a wá fi àhunpọ̀ sílẹ̀ fún ibi tó ti jẹ́ òtítọ́, ìyẹn abẹ́ awọ, níbi tí fọ́nrán tó lágbára ti gba inú ara wọn kọjá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òun ló pọ̀ jù nínú pọ̀nmọ́, òun náà ló ń yọ́ sínú omi ọbẹ̀ bókótó títí tí ètè fi ń lẹ̀ mọ́ra. Awọ òkè, tó wà lórí rẹ̀, kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Ìdí nìyẹn tí omi lásán fi máa ń wà nínú ìléròrò. Ẹ jọ̀wọ́, awọ ni kí a kọ, kì í ṣe àwọ̀. Àwọ̀ ni dúdú tàbí pupa.

Oríkèé ti tó, kí ìsopọ̀ eegun máa lọ. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti gbà pé oríkèé kò wọlé: orí. Àwọn eegun agbárí pàdé, ṣùgbọ́n wọn kì í ká, wọn kì í nà. Ojú ìrán agbárí ni màá pè é, bí ojú ibi tí a ti rán aṣọ. Gbogbo ìyá ló sì mọ ibi tí ìrán náà kò tíì pé, àwùjẹ̀ ọmọ tuntun ni. Ti iwájú máa ń di láàárín ọdún kan sí méjì, ti ẹ̀yìn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun tó so eegun mọ́ eegun ní oríkèé, èyí tó máa ń fara gbá a bí ẹsẹ̀ bá rọ́. Iṣan ni àwọn kan ń pe òun náà. Bí a bá fi iṣan sílẹ̀ fún èyí tó so ẹran-afà mọ́ eegun, ìdè oríkèé ni mo fẹ́ pe èyí. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dáa jù ú lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí iṣan má sí nínú rẹ̀.