Ẹ̀kọ́ ijó ọ̀fẹ́ ní Kàbà: òjò ti dé, ibo ni ká kó àwọn ọmọ sí?

Ìyá Ìbejì, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mò ń kọ́ níjó lẹ́yìnkùlé wa ní gbogbo Sátidé, n kì í gba kọ́bọ̀. Ọmọbìnrin kan máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ lé ìlù, kò ní wọlé. Mo bi í. Ó ní òun ò ní bàtà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa ló ń jó láìwọ bàtà. Àmọ́ òjò ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, a ò sì níbi tá a lè sá sí.

Àbúrò yín, Ìsánlú: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò yín sọ̀rọ̀, kíláàsì máa ń ṣófo ní Sátidé. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ó gbálẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ní Ajangbadi l'Ékòó, Daniel Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017, ilé ẹ̀kọ́ ijó ni, ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ballet, ijó òyìnbó kan. Fídíò ọmọ ibẹ̀ kan, Anthony Madu, tó ń jó nínú òjò láìwọ bàtà, káyé ní 2020.

Ẹ̀gbọ́n, Mọpà: Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́? Àwọn ọmọ tálákà ń bá ìyá wọn lọ sóko ní Sátidé. Owó ọ̀kadà náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Àárọ̀ ni, sà. N ò ronú kan oko rárá. Màá sún un sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní Mọ́ńdè, màá lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé.