Lótò: ṣé "ìbò oríire" ni àbí "tẹ́tẹ́ àfàyọ"?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ọ̀yọ́ dábàá pé ká máa pe lótò ní "ìbò oríire". Wọ́n ní "tẹ́tẹ́ oríire" tí àwọn oníròyìn ń lò ò dùn létí ọmọlúàbí, pé ìbò ti wà nínú Bíbélì. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:26, ìbò mú Màtíà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè bá yín gbé eléyìí.

Babaláwo a kó ìbò, ìyẹn owó ẹyọ àti egungun, fún ẹni tó wá dáfá, onítọ̀hún a fi wọ́n pamọ́ sí ọwọ́ méjèèjì: ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó di ìbò mú ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni, ó sì gbà pé wọ́n ń dá òun lóhùn. Ti Màtíà náà ò yàtọ̀, wọ́n gbàdúrà kí wọ́n tó dì í. Ta ni bọ́ọ̀lù lótò ń dá lóhùn? Ká má tíì sọ ti ìdìbò. Bí ẹnì kan bá ní òun ti dìbò, ṣé káàdì ló mú lọ ni àbí nọ́ńbà?

"Oríire" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti ti oníròyìn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó ti bàbá kan tó ń rán bàtà nítòsí Tákìé, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Bàbá ti ta tú ṣọ̀ (nọ́ńbà méjì tó gbọ́dọ̀ jáde pa pọ̀) ní ₦100 lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀rọ kékeré tẹ tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ agboòrùn. 17 àti 62 ni wọ́n mú. Nígbà tí èsì dé, 17 jáde, 63 jáde, 62 ò jáde. Bàbá wo bébà náà títí, wọ́n ká a, wọ́n tì í bọ etí fìlà. "Orí ló kù díẹ̀ káàtó," ni wọ́n wí, wọ́n bá gbé abẹ́rẹ́ wọn.

Orí wo? Nọ́ńbà 90 ló wà, 5 ni wọ́n ń fà. Ẹ so 90 yẹn pọ̀ ní méjì méjì, ọ̀nà 4,005 ni yóò fún yín. Bọ́ọ̀lù márùn-ún tó jáde, méjì méjì mẹ́wàá péré ló wà nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ni tú ṣọ̀ lè jẹ, ìlọ́po 240 sì ni wọ́n ń san. Nínú ₦400 tó bá wọlé, ₦160 ò ní padà. (Ẹni tó bá fẹ́ mú márààrún pé, ọ̀nà 43,949,268 ló wà níwájú ẹ̀.) Ìṣirò ló jẹ owó bàbá, orí wọn ló sì gba ẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi "oríire" há lẹ́nu ti bá alátẹ́tẹ́ polówó ọjà kó tó la ìsọ̀.

Ohun tí mo mú wá ni "tẹ́tẹ́ àfàyọ". Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ni wọ́n ń ta á lé lórí, kì í sì í ṣe káàdì. Wọ́n á fa nǹkan yọ ni. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ á ní àwọn ló ni àfàyọ, pé òun ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n bá yọ nínú ewì. Bí tẹ́tẹ́ bá ṣíwájú ẹ̀, ta ló máa rò pé ewì ni?

N ó fún ẹ̀gbọ́n ní ibì kan tí wọ́n lè ti mú mi o. Ní Genoa, ní Ítálì, orúkọ èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, láti fi wọ́n sípò nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tí wọn yóò fà. Nígbà tó yá, nọ́ńbà 1 sí 90 rọ́pò orúkọ, ìyẹn ló sì di lótò. Nítorí náà, ìbò bí i lóòótọ́. Àmọ́ a kì í torí pé ìyá ọmọ ń jẹ́ Àbẹ̀ní ká sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀ní.

Ìjọba náà ti fi ṣe owó tipẹ́. Ti Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fà ní 1569, àtúnṣe èbúté ni wọ́n fi kéde ẹ̀. Lótìrì tí òfin 1753 fọwọ́ sí ló mú owó tí wọ́n fi dá British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Lọ́ńdọ̀nù, sílẹ̀ wá. Níbí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní November 22, 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lótìrì, wọ́n sì fagi lé òfin lótìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2005. Bí àwọn aṣòfin wa n'Íbàdàn bá wá jókòó tì í, orúkọ wo ni wọn yóò fi ka òfin náà sétí bàbá aránbàtà?

Mo bi ọmọbìnrin abẹ́ agboòrùn yẹn pé kí lòun á fẹ́ ká máa pè é. Ó ní, "Dádì, Baba Ìjẹ̀bú la mọ̀ o. Ẹ sọ nọ́ńbà yín, èrò wà lẹ́yìn yín."