Jẹ́nótáìpù mi AA ni, àbúrò mi ní ìyẹn kọ́ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ní ká ṣe

Ìyá Aláró, Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òyìnbó ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí, ibà pọ́njú mú un, ó lé lóṣù kan kò lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní púrótéènì kan tó ń jẹ́ alpha-1 antitrypsin kò tó lára rẹ̀, ZZ ni lẹ́tà tí ọmọ náà jogún. Bàbá MZ, ìyá MZ. Dókítà wọn wá ní kí gbogbo àwa tí a jọ bí náà lọ yẹ ara wa wò.

Èmi gan-an ni ẹ̀rù ń bà. Àdìrẹ alábẹ́là ni mo ń ṣe láti ọdún 22 sẹ́yìn, iná igi ni mo fi ń se omi tí a fi ń yọ àbẹ́là. Ọdún méjì rèé, bí mo bá rìn díẹ̀ n óò máa mí hẹlẹ. Ilé ìwòsàn kan ní ásímà ni, wọ́n fún mi ní èyí tí à ń fín sẹ́nu, kò ràn án. Mo lọ sí lábù, mo ní kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù mi, wọ́n kọ AA fún mi. Kí ni kí n wá béèrè gan-an?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. AA, AS, SS, ti ẹ̀jẹ̀ pupa nìyẹn. Èyí tí ẹ ń wá, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò jà, sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń tú nǹkan kan jáde tó lè jẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Púrótéènì yìí ló ń dá a lẹ́kun. Tẹni tó bá jẹ́ ZZ, ẹ̀dọ̀ ń ṣe é ṣùgbọ́n kò ká bó ṣe yẹ, ó ń dì pọ̀ síbẹ̀, díẹ̀ ló ń ráyè jáde. Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nìyẹn, ẹ̀dọ̀fóró náà kò sì ní olùṣọ́.

Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín: *alpha-1 antitrypsin*. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá lẹ́tà méjì tí ẹ jogún, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. M ló pé. Z ló burú jù. S náà wà níbẹ̀, kì í ṣe S ti fòníkú-fọ̀ladìde o!

Mà, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ibà tàbí ikọ́ líle bá wà lára yín. Púrótéènì yìí máa ń lọ sókè tí ara bá ń ṣàìsàn, oyún náà máa ń gbé e sókè, èyí tó kéré á wá dà bí ẹni pé ó pé. Kí wọ́n yẹ CRP mọ́ ọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá ara ń bá àìsàn jà lọ́wọ́.

Bàbá Tíṣà, Ayétòrò:
Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìyí? Mo kà á pé Sweden ni wọ́n ti rí i ní 1963.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ọ̀dọ̀ wọn ló pọ̀ sí lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n Z kan ti wà lára àbúrò wọn, ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ló sì ti jogún rẹ̀. Bí òbí náà bá jẹ́ MZ, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti jogún Z.

Àmọ́ mà, kẹ́ ẹ má fi gbogbo ọkàn sórí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ MZ tí kì í mu sìgá ni kò ní ìṣòro. Èéfín igi ọdún 22 nìkan tó ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ rí dókítà ẹ̀dọ̀fóró, ní UCH Ìbàdàn tàbí OAUTHC Ifẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì yẹ ikọ́ ife wò.

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí mi, mo ní àgbo ẹ̀dọ̀ tó dára, ẹ wá gbà á.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí wọ́n má mu ún. A kò tíì mọ bí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló yẹ kí wọ́n béèrè.

Ìyá Aláró, Òkè-Baálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi ti gbé ìkòkò kúrò lábẹ́ òrùlé láti àárọ̀. Ikọ́ kan ṣì ń ṣe mí, n óò jẹ́ kó lọ ná kí n tó lọ sí Ìbàdàn. CRP yẹn, ṣé wọ́n á tún gún mi lọ́tọ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà:
Rárá mà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á fà á. Ṣùgbọ́n bí mímí bá le ju báyìí lọ, ẹ má dúró de ikọ́ kankan, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.