Wọ́n ní ilé ti lọ, ilé ò lọ

Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n ti torí pé mo jẹ́ adúláwọ̀ fi ilé dù mí, nígbà tí à ń wá ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn tí mo bí ọmọ wa kejì.

Mo kọ̀wé sí aṣojú onílé kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kọ orúkọ mi gan-an, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe àti iye tí mò ń gbà lóṣù. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí èsì fi dé: ilé ti lọ. Títí ọ̀sán, ìpolówó ilé náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó kọ irú ohun tí mo kọ gẹ́lẹ́, orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Wọ́n ní kó wá wo ilé ní Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ààbọ̀. Mo wo fóònù rẹ̀, mo wo tèmi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Màmá mi ní kí n fìjà fún Ọlọ́run jà, kí n fọwọ́ lẹ́rán. Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí dénú egungun. Òfin Equal Status ti wà ní Ireland láti ọdún 2000: onílé ò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ẹnìkan tàbí ibi tó ti wá kó má fún un nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọjọ́ o! Kó tó pé oṣù méjì sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi fọ́ọ̀mù ES1, ìwé tí ẹ fi ń sọ ẹ̀sùn yín, ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ yín. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, kí ẹjọ́ ti dé Workplace Relations Commission, àjọ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, bí kì í tilẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́. Wọn ò gbowó ìpẹ̀jọ́, kò sì pọn dandan kéèyàn ní lọ́yà. Bí ẹ bá sì ti gbé ohun tó fa ìfura kalẹ̀, bíi àtẹ̀jíṣẹ́ méjì yẹn, ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ ló kù kó fi hàn pé kì í ṣe torí àwọ̀ yín.

Ọjọ́ kejìléláàádọ́ta ni mo fi fọ́ọ̀mù tèmi ránṣẹ́. Alárinà ló bá wa parí ẹ̀. Àdéhùn wa ò jẹ́ kí n sọ ohun tí a fẹnu kò sí. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Èsì:

Ẹ kú ìfaradà, mà. Jámánì ni mo wà. AGG là ń pe òfin tiwa tó lòdì sí irú ojúsàájú yìí, ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ 2000/43 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó lòdì sí ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, wà lára ohun tó bí i. Oṣù méjì náà ni wọ́n fún wa láti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, mi ò sì mọ̀. Àwa mẹ́rin la lọ síbi ijó kan, èmi dúdú nìkan ni wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Oṣù karùn-ún ni mo tó bi lọ́yà. Ó ní ọjọ́ ti kọjá. Orúkọ àwọn mẹ́ta tó rí i ṣì wà nínú ìwé tí mo kọ wọ́n sí.